Omi tí mo kọ̀ ní Bantè

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nínú oṣù kejì ọdún 1996 yìí, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo wo aago ọwọ́ mi kí n tó wọlé, mo sì sọ fún ara mi pé láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, mi ò ní í jẹ́ àlejò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ayàwòrán ni mí. Mo gboyè nínú iṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà, mi ò ríṣẹ́, mo wá kó ọ̀dà àti aṣọ ìyàwòrán mi, mo sọdá ẹnubodè lọ sí Bantè ní ilẹ̀ Benin. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé mò ń lọ wádìí ẹni tí mo jẹ́. Ìyá mi ní kí n jókòó sílé, pé òun ló bí ẹni náà, òun á júwe rẹ̀ fún mi. Mi ò gbọ́.

Mo gba yàrá kan lọ́dọ̀ Màmá, obìnrin àgbàlagbà kan tí ọkọ rẹ̀ ṣe olùkọ́ kó tó kú. Èdè Bantè jọ Yorùbá tèmi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń rò pé mo ti gbọ́ tán, mo sì máa ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Nàìjíríà, bí ẹni pé èmi nìkan ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ó máa ń dùn mí. Mo máa ń wọ yàrá lọ láti ro ìdí tó fi ń dùn mí, tí mo bá sì rí ìdí náà, á tún dùn mí sí i.

Ṣùgbọ́n omi ló dùn mí jù. Nígbàkígbà tí mo bá ti ìrìn àjò dé, ì báà jẹ́ Agoua tó wà nítòsí lásán, Màmá á gbé ife omi lé mi lọ́wọ́ kó tó bi mí ní ohunkóhun. Nílé wa ní Ìbàdàn, àlejò là ń bu omi fún. Ọmọ ilé mọ ibi tí ìkòkò wà. Nítorí náà, gbogbo ife omi yẹn ń sọ fún mi pé mi ò tíì di ara wọn. Mo fi ìbànújẹ́ yìí ya àwòrán ńlá kan: obìnrin kan na ife omi sí ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn sí i. Mo pe àkọlé rẹ̀ ní Àlejò Títí Ayé. Màmá ló ń jókòó fún mi lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kí n lè yà á. Ojú rẹ̀ nìkan ló kù, ó ṣì funfun bí ẹyin.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, Savalou ni mo ti ń bọ̀, níbi tí àkọ́bí Màmá ti ń ṣe olùkọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi gba gbọ̀ngàn ilé ìwé wọn ni, kí n lè pàtẹ àwọn àwòrán mi lẹ́yìn Àjíǹde, bí mo bá ti parí èyí tó tóbi yẹn. Mo wá rò ó pé ẹni tó ti ní gbọ̀ngàn kò yẹ kó máa gba omi àlejò. Nígbà tí Màmá gbé ife wá, mo rọra fọwọ́ tì í sẹ́yìn, mo sì fajú ro kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

"Rárá, Màmá. Mi ò ní í mu ún."

Màmá ní, "Ta ló kú?"

Mi ò mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà dé ló ń mu omi níbẹ̀, àti ọmọ ilé àti àlejò, kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Tí èèyàn bá kọ̀ ọ́, a jẹ́ pé ìròyìn burúkú ló gbé dé. Èmi rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ dé, mo sì fajú ro.

Ẹlòmíràn ì bá ti ní kò sẹ́ni tó kú. Èmi ní, "Màmá, ẹ jókòó ná. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti wà lọ́kàn mi tí mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín."

Màmá jókòó, sórí ilẹ̀ lásán. Àwọn ará ilé kejì sáré dé. Ọkùnrin kan ti ń tan alùpùpù rẹ̀ kó lè gbé Màmá lọ sí Savalou. Èmi ṣì ń ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí kò nílé nígbà tí obìnrin kan di ẹ̀wù mi mú, ó bi mí bóyá ọmọ Màmá wà láàyè. Mo ní ó wà, pé ó tiẹ̀ fún mi ní ẹ̀pà. Màmá dìde, ó da omi náà sí ìdí ògiri, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àkọ́bí náà fúnra rẹ̀ dé láti Savalou, torí wọ́n ti gbé ìròyìn lọ bá a pé wọ́n ń sunkún òun nílé. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, Màmá ti gbé omi dé. Ó mu ún, ó dá ife padà, lẹ́yìn náà ló tó kí wa. Ọmọ tí Màmá bí nínú ara rẹ̀ ni o, nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí mo máa fi ọwọ́ mi sí.

"Ìwọ lo sin mí," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o tiẹ̀ gbẹ́ kòtò náà jìn?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ó ń kí mi, ó ń fún mi lóúnjẹ, ṣùgbọ́n omi tán. Tí Ọjọ́bọ̀ bá dé, á ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Mo lè ti Gouka dé, kí eruku pupa bo ìpéǹpéjú mi, kò sẹ́ni tó máa gbójú sókè, bí ẹni pé ewúrẹ́ ilé ló wọlé. Mo ti di ará ilé, òùngbẹ sì ń gbẹ mí. Mo lè lọ bù ú fúnra mi nínú ìkòkò. Mo bù ú. Mo mu ún tán, òùngbẹ ṣì ń gbẹ mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti Atokoligbé dé, mi ò wọ yàrá. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá nínú eruku, mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi lómi. Mo wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìkòkò ìyá mi ní Ìbàdàn.

"Mu omi ná," ó ní, "kí o tó tún pa ẹlòmíràn."

Nígbà tí mo mu ún tán, ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá, ó dúró síwájú àwòrán náà. Ó bi mí pé ta ni ọkùnrin yẹn. Mo ní àlejò ni.

"Mò ń fún un lómi, ó wá kẹ̀yìn sí mi. Yí i padà. Fi ojú tìrẹ sí i, kó gba ife náà, màá wá jókòó kí o ya ojú tèmi."

Àjíǹde ti sún mọ́lé. Tí mi ò bá yí i, Màmá kò ní í lójú, mi ò sì ní àwòrán tí mo máa gbé lọ sí Savalou. Tí mo bá yí i, ó di àwòrán ọmọ kan tó ń mu omi nílé. Gbogbo ohun tí mo sọ fún àwọn èèyàn pé mo wá wádìí á wá di kí ni? Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an ni pé mo ti gbìyànjú ojú mi lórí ìwé pélébé kan, ó sì bá ọkùnrin náà mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí n yí i padà, àbí kí n fi í sílẹ̀? Tí ẹ bá ní kí n yí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àkọlé míì.