Igun tí Ẹ̀rọ Kì í Fọwọ́ Kàn

Púlọ́ńbà ni mí. Ọ̀nà omi ni mo ń là nínú ilé onílé. Ìyàwó mi náà ń la ọ̀nà, ṣùgbọ́n iná ló ń gba ọ̀nà tirẹ̀ kọjá, inú ṣíìpù sì ni. Ṣíìpù ni nǹkan pẹlẹbẹ dúdú tó wà nínú fóònù yín, òun ló ń bá fóònù ronú. Kò tó èékánná, síbẹ̀ wáyà inú rẹ̀ kò níye, ó sì tínrín ju irun orí lọ fíìfíì. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń tò ó bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, méjì ò sì gbọdọ̀ fara kanra níbi tí wọn ò ti ní kó fara kanra. Tó bá ṣẹlẹ̀, ṣíìpù náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ìyàwó mi ni kó ya ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan máa gbà sórí kọ̀ǹpútà, kí àwọn tó ń ṣe ṣíìpù tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, a ò tíì fẹ́ra, mo bi í pé, "Ṣé tiyín kì í jò?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti rí aya.

Obìnrin náà kì í kánjú. Tó bá ń ká aṣọ, ẹ ó rò pé ó fẹ́ lọ tà á ni. Àǹtí Oníwáyà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Mo ti lọ tún ẹ̀rọ omi wọn ṣe níbẹ̀ rí, mo sì yọjú wò ó: ó bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ lé páálí, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń bá wáyà sọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ rí mi.

Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé, ẹ̀rọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ọ̀nà wáyà. Ọkùnrin tó ń kọ́ ọ ni wọ́n ń pè ní Tíṣà. Wọ́n kó gbogbo àwòrán tí ìyàwó mi ti yà látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ síwájú ẹ̀rọ náà pé kó máa wò ó, kó máa fara wé e. Tó bá ya tirẹ̀ tán, wọ́n á fún un ní máàkì. Tí wáyà bá kúrú, ó gba máàkì. Tí wáyà bá fara kanra, wọ́n á yọ máàkì. Ṣùgbọ́n máàkì tó pọ̀ jù wà fún kí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti Àǹtí Oníwáyà. Kí n má parọ́, inú mi ò dùn sí i. Lójú tèmi, wọ́n ń lo ìyàwó mi láti kọ́ ohun tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wá wọlé, ṣíìpù fún ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, irú èyí tí àwọn tí etí wọn wúwo máa ń fi sẹ́yìn etí. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ ya á. Ó yà á, ó sì dára wò, àfi pé ó fẹ̀ jù, kò lè wọnú àyè tí wọ́n fún un. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ṣófo. Wọ́n ní kó tún un yà, ó tún un yà, ó fún gbogbo wáyà mọ́ra gádígádí, síbẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ igun yẹn.

Tíṣà lọ bá ìyàwó mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Kí ló wà ní igun yẹn? Ṣé ooru ni ẹ ń sá fún, kí ibẹ̀ má baà gbóná jù?" Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í fepo bọyọ̀, ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ìyàwó mi á fi sọ ìdí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi jókòó sídìí oúnjẹ, kò jẹun. Mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ni. Nígbà tí à ń kó kúrò ní ọ́fíìsì àkọ́kọ́, ó já bọ́, igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún lójú rẹ̀ dúdú. Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Mo lè sún àwòrán sókè kí n rí ibẹ̀, àmọ́ ó sú mi, mo bá kúkú ń yà fún un. Nígbà tí wọ́n fún mi ní tuntun, ọwọ́ mi ò padà síbẹ̀ mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni ò ní rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín, tèmi náà bá gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ní, "Sọ fún wọn pé ooru ni! Ta ló máa já ẹ nírọ́?"

"Wọ́n á gbà mí gbọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn." Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá àwọn ọmọ, tí igun yẹn bá jẹ́ àṣà lásán, ìyókù ńkọ́? Ṣé mo mọ iṣẹ́ yìí ni, àbí ọwọ́ mi kàn ń lọ ni?"

Mo fi ọmọrí dé oúnjẹ náà kó má baà tutù.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó sọ òótọ́ fún wọn. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní kí ìyàwó mi lọ yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, kó ya èyí tó nídìí sọ́tọ̀ kúrò lára àṣà. Tó bá rí i ṣe, òun ni yóò máa darí ẹ̀rọ náà. Tí kò bá rí i ṣe, wọ́n á pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ nínú ohun tí ẹ̀rọ ń kọ́, wọ́n á wá ti ẹlòmíì fi kọ́ ọ. Kò sọ ibi tí ìyàwó mi máa wà nígbà yẹn, a ò sì bi í.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á mú ọ̀kan nínú àṣà rẹ̀, á ní kí ẹ̀rọ ya ṣíìpù náà láìsí i, á wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dán an wò bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ràn láti tètè yí wáyà kó tó dé ìkòríta. Wọ́n yọ ọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó máa ń to wáyà méjì-méjì. Wọ́n yọ ìyẹn náà, ṣíìpù tiẹ̀ ń yára sí i. Á wọlé, á ní, "Ìyẹn náà ò nídìí," á lọ sùn. Ẹ̀rù wá ń bà mí láti bi í léèrè. Tí a bá ń jẹun, ọ̀rọ̀ ṣáláńgá tó dí ni mò ń sọ, mò ń sọ ọ́ láìmí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà lábẹ́ síǹkì ìyá arúgbó kan, omi ń ya lé mi láyà, ni fóònù mi dún. Ìyàwó mi kì í pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ó ti tán, wọ́n ti lé e.

"Ó nídìí!" Ó ń pariwo ni, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè. "Èyí nídìí!"

Mo ní kó rọra sọ ọ́. Ó ní wáyà kan wà tó fẹ̀, tí kì í gbé iṣẹ́ kankan. Ó máa ń tẹ́ ẹ sáàárín wáyà aago, èyí tó ń pe àsìkò fún gbogbo ṣíìpù láìsinmi, àti wáyà tó ń gbé ohùn. Ẹ̀rọ náà ń tẹ́ ẹ síbẹ̀ bó ṣe rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, ariwo aago bá wọnú ohùn. Ẹni tó bá fi í sétí, kìkì ariwo ni yóò máa gbọ́ tọ̀sántòru, kò ní gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń pè é.

Ó ní, "Èmi ni mo fi síbẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Mo kàn ti gbàgbé pé mo mọ̀ ọ́n ni." Ó bú sẹ́kún.

Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ wò mí lábẹ́ síǹkì. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Mà," mo ní, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìyàwó mi mọṣẹ́ ni."