Ọjọ́ tí mo yọ Dádì kúrò nínú àwọn ajagun mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Festac lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Géèmù kan wà tí mo ti ń gbá láti sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ti di apá mẹ́jọ báyìí, mo sì ti gbá gbogbo ẹ̀ tán. Nínú ẹ̀, wàá kó èèyàn jọ, ẹ ó jọ máa rìnrìn àjò, ẹ ó máa bá àwọn ẹranko abàmì jà. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin péré ló lè lọ sójú ogun. Àwọn tó kù á jókòó sábúlé.

Èyí tó dùn níbẹ̀ ni pé ìwọ lo máa sọ wọ́n lórúkọ. Kí lẹ rò pé mo sọ wọ́n? Orúkọ ará ilé wa ni! Obìnrin alágbára tó ń fi àáké jà, Mọ́mì ni. Bàbá arúgbó tó ń fi ewé wo ọgbẹ́, Dádì ni. Túndé àbúrò mi ló ń ta ọfà. Ta ló fẹ́ máa ronú orúkọ tuntun?

Ní Sátidé, Ẹ̀gbọ́n Dáre tó ń gbé ní Kuje, ọ̀gá gúrúpù àwa tá à ń gbá géèmù yìí lórí WhatsApp, ní kí kálukú sọ apá tó fẹ́ràn jù àti ẹni mẹ́rin tí kò lè fi sílẹ̀. Voice note ló ní òun fẹ́.

Ni mo bá jókòó sí pálọ̀, mo ń rojọ́. "Ẹ̀gbọ́n, apá kẹta ni tèmi o! Mo mú ara mi, mo mú Túndé, mo mú Mọ́mì, torí kò sẹ́ni tí Mọ́mì ò lè là mọ́lẹ̀. Dádì kẹ̀? Mo ti yọ Dádì! Ó ń falẹ̀ jù, oògùn wa ló kàn ń gbé mì. Ajá ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Ajá yẹn wúlò jù ú lọ!"

Ṣé mo mọ̀ pé Dádì ti ti Mile 2 dé, tó dúró sẹ́yìn kọ́tìnì?

Nírọ̀lẹ́, mo gbé ẹ̀bà síwájú ẹ̀, mo kúnlẹ̀. Kò tiẹ̀ wojú mi.

"Gbé e fún ajá. Ṣebí òun ló wúlò."

Ẹ̀yin èèyàn, a ò ní ajá!

Mọ́mì fà mí wọ kíṣìnì, ó ní kí ni mo sọ sí bàbá mi. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fíríìjì mú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé láti ìgbà tí Dádì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn, pé òun ò wúlò mọ́. Abájọ tó fi ń béèrè láràárọ̀ bóyá a ní iṣẹ́ tá a fẹ́ rán òun! Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an, ojú sì tì mí.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní géèmù ni. Ó ní irú géèmù wo ló ń pe òun ní Dádì? Mo bá tan tẹlifíṣọ̀n.

Ó wọ awò ojú, ó tẹjú mọ́ bàbá arúgbó tó dá jókòó lábẹ́ igi, tí wọ́n kọ "Dádì" sí lórí.

"Ta ló fi mí síbí?"

"Èmi ni, sà."

Ó na ọwọ́, ó ní kí n gbé páàdì tá a fi ń gbá a wá. Ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń yan èèyàn han òun. Mo fi hàn án, inú mi sì ń dùn pé ìjà ti parí.

Ó mú ara ẹ̀. Ó mú Mọ́mì. Ó mú Túndé. Ẹnì kẹrin ńkọ́? Ó wá àgbẹ̀ kan tí kò ní idà, tí kò ní ọ̀kọ̀, ó sọ ọ́ ní Bàbá Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì!

Mo ní, "Dádì, èmi ńkọ́?"

Ó ní kí n máa tọ́jú ilé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹni tó ń yan èèyàn, kó rántí pé wọ́n lè yọ òun náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, orúkọ ta lẹ fi sínú géèmù tiyín, ṣé olúwarẹ̀ sì ti gbọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí kí n rí nǹkan kà, torí Dádì ti dé apá kẹrin báyìí, mo ṣì wà lábúlé.