Obìnrin Tó Ń Ka Àwọn Tó Ń Wọ Ṣọ́ọ̀bù

Bàbá mi ló sọ ìyá mi ní Má-fi-kún-un, orúkọ náà sì bá a dé ọ́fíìsì. Bí èèyàn bá ń ròyìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ níta, tó ní gbogbo àdúgbò ló tú jáde, ìyá mi á béèrè pé, "Gbogbo àdúgbò? Ìwọ àti ta ni?" Ọ̀rọ̀ á tutù mọ́ onítọ̀hún lẹ́nu. Obìnrin náà le, ẹ jẹ́ n má purọ́. Mo sunkún nítorí ẹ̀ láìmọye ìgbà ní kékeré.

Iṣẹ́ ẹ̀ bá ìwà ẹ̀ mu. Ọ́fíìsì tó gbà á ń fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù lówó ìrànwọ́ kí wọ́n fi tún iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe: kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn páànù tó ti dípẹtà, kí wọ́n fi gíláàsì fífẹ̀ síwájú, kí wọ́n kun ògiri. Bí iṣẹ́ bá parí, ìyá mi ni wọ́n máa ń rán lọ wò ó bóyá owó náà ṣe nǹkan gidi. Á gbé àpótí ìjókòó lọ sí òdìkejì títì, á mú ẹ̀rọ kékeré kan dání tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, á máa ka àwọn tó ń wọlé. Á ti kà wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á sì tún wọn kà tó bá parí. Bí àwọn tó ń wọlé bá pọ̀ sí i, a jẹ́ pé àtúnṣe yẹn kẹ́sẹ járí.

Ìlà ṣọ́ọ̀bù méjì wà nítòsí ilé wa. Ìlà iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ́fíìsì sọ pé àyàfi tó bá yọrí sí rere ni àwọn á fọwọ́ kan ìlà ẹ̀yìn, ìlà ẹ̀yìn yìí sì ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, ojú bàbá mi sì ti ń di bàìbàì. Bó bá fẹ́ fi okùn bọ abẹ́rẹ́, ó di kó jáde wá dúró lẹ́bàá títì, kó na abẹ́rẹ́ sókè. Dókítà ojú ní kò sí awò tó lè ràn án lọ́wọ́ ju èyí tó ń lò lọ, àfi kó máa ṣiṣẹ́ níbi tó mọ́lẹ̀. Bàbá mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí fèrèsé gíláàsì yẹn ò bá dé ìlà ẹ̀yìn, iṣẹ́ télọ̀ tán nìyẹn.

Ìyá mi lọ ka ìlà iwájú. Ó padà wálé, ó jókòó tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, báwo ló ṣe rí?" ni bàbá mi béèrè.

"Wọ́n dín kù."

"Wọ́n ṣe lè dín kù? Pẹ̀lú gbogbo gíláàsì tó ń dán yẹn?"

"Bàbá àwọn ọmọ, wọ́n dín kù. Ohun tí mo rí nìyẹn."

Inú bí mi. Mo ní ta ni yóò mọ̀ bó bá fi díẹ̀ kún un? Bàbá mi kọ ojú sí mi. "Orúkọ tí mo sọ ìyá ẹ wá ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní ìlà iwájú. Ó rí i látinú gíláàsì, ó juwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Bàbá náà juwọ́ padà. Ìyá mi rìn díẹ̀, ó bá dúró gbagidi.

Tẹ́lẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ilẹ̀kùn páànù, a kì í rí bàbá aláago látìta. Ta ló sì jẹ́ kọjá láìkí i? Ṣe la máa ń wọlé, a ó béèrè àwọn ọmọ, a ó béèrè orúnkún tó ń dùn ún, a ó sì jáde lọ́wọ́ òfo. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe nìyẹn, ìyá mi sì ń tẹ ẹ̀rọ ẹ̀ fún oníkálùkù wa bíi pé a wá rajà. Ní báyìí tí gíláàsì dé, ìta la ti ń kí wọn.

"Áà!" ni bàbá mi kígbe nígbà tó gbọ́. "Má-fi-kún-un ti fi kún un!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá ọ̀gá ẹ̀. "Mo ti ṣàṣìṣe, sà," ló sọ. "Ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀yìn ni ọkọ mi wà. Ẹ má gbà á lẹ́nu mi, ẹ rán ẹlòmíràn."

Wọ́n rán akọ̀wé àgbà kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọkùnrin aláwàdà kan báyìí. Ó lọ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn tí wọn ò tíì tún ṣe, ó ń bi àwọn tó ń jáde léèrè ohun tí wọ́n bá wọlé. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ní àwọn kàn yà kí èèyàn ni. Nígbà tí wọ́n yọ irú wọn ní ìwọ̀n kan náà kúrò nínú iye tí ìyá mi kà ní ìlà iwájú kí wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n rí i pé oníbàárà ibẹ̀ ti pọ̀ sí i. Kì í ṣe rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ó tó. Ọ́fíìsì fọwọ́ sí ìlà ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fèrèsé sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ó jókòó nídìí maṣíìnì, ó fi okùn bọ abẹ́rẹ́, ó yọ ọ́, ó tún fi bọ̀ ọ́. Ó ń ṣe é títí oníbàárà kan fi bi í bóyá ara ẹ̀ yá. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Nígbà tó yá, akọ̀wé àgbà tún lọ ka ìlà ẹ̀yìn. Ó dé ọ́fíìsì, ó dúró ti tábìlì ìyá mi.

"Màdáámù, ẹ gbà mí o. Obìnrin kan ń wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ láràárọ̀. Kò gbé aṣọ wá, kò gbé aṣọ lọ. Ibo ni kí n kà á sí?"

Akọ̀wé náà mọ obìnrin ọ̀hún dáadáa. Ìyá mi ò gbójú sókè.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó kàn ń kí i ni."

"Gíláàsì ti wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìta ni àwọn yòókù ti ń kí i."

"Àwọn yòókù kọ́ ló fẹ́ ẹ," ni ìyá mi dáhùn.