Ọ̀pá Èríà Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Níbi tí mo ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní Tanke, ẹnì kan tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe tan ògbólógbòó kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Òórùn eruku gbígbóná jáde lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí mi lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bú.

Irú rẹ̀ ni Bàbá gbé wá sí agboolé wa ní Gàmbàrí lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Yàrá ìyàwó rẹ̀ tuntun ló gbé e sí. Ìyá mi, tó jẹ́ ìyáálé, ló ń di ọ̀pá èríà mú lẹ́yìn ilé nínú oòrùn. Èmi wà lójú fèrèsé, mo ń jíṣẹ́ fún wọn.

Bàbá ní, "Rámátù, sọ fún ìyá rẹ kó yí i sí ọ̀tún díẹ̀."

Ìyá yí i, àwòrán mọ́. Bó ṣe fi ọ̀pá sílẹ̀, àwòrán dàrú.

"Ìyá, Bàbá ní kí ẹ má fi í sílẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ọwọ́ ìyáálé mi ló ní àlùbáríkà."

Mo gbà á gbọ́, inú mi sì dùn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé tẹlifíṣàn yẹn ni ẹ̀bùn tí Bàbá ṣèlérí fún Ìyá, kí ó lè fara mọ́ ìyàwó tuntun.

Lọ́jọ́ náà, Ìyá gbé ọ̀pá ti ògiri, ó wọlé, ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn.

"Ìyàwó, ó kàn ọ́."

Ìyàwó jáde lọ di ọ̀pá mú, àwòrán sì mọ́ gaara.

"Ṣé ó ti dáa?" Ohùn rẹ̀ wọlé láti inú oòrùn.

Ìyá na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Rámátù, sọ fún un pé kò tíì dáa."