Ọjọ́ Tí Odò Wa Jóná Nínú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Sabon Gari, ní Kano, ẹ̀yin ọmọ mi, wàhálà omi la fi ń jí. A ó to bọ́kẹ́ẹ̀tì sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn Ibo Road, a ó máa fi Hausa jà, a ó máa fi Yorùbá bẹ ara wa. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi ní yunifásítì. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ló rán mi níwèé. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Lásìkò tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Kano, mo ti wà ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó odò. Òjò pọ̀ lọ́dún yẹn. Dáàmù kún dẹ́nu, ó sì di dandan kí wọ́n ṣí i. Ohun tí ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Alhaji, fẹ́ mọ̀ ni bóyá omi náà yóò wọ abúlé kan tó wà nísàlẹ̀ odò. Kọ̀ǹpútà kan kò lè dá odò tó gùn tóyẹn ṣírò, la bá pín in, kálukú mú apá tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò apá odò tó wà lókè tèmi á gbé díìsìkì wá, àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń kó iṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì, iye omi tó ń bọ̀ á wà nínú rẹ̀. Èmi náà á ṣírò tèmi, màá gbé iye tó jáde fún ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Yorùbá kan láti Gwagwarwa, tó ń ṣe apá tó tẹ̀ lé tèmi. Apá tèmi ni abúlé yẹn wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ. Nígbà tó padà dé, agbára rẹ̀ pọ̀ jù, ó sun ẹ̀rọ mi pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Iṣẹ́ dúró fún gbogbo wa. Ojú ọ̀run sì ti tún ṣú. Mo jókòó, mò ń sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, “Kai, má sunkún. Ohun tí o fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.”

Ó kó àwọn díìsìkì tirẹ̀ jọ, ẹni òkè náà kó tirẹ̀ wá. A fi iye tó wọ apá tèmi wé iye tó jáde, wákàtí dé wákàtí. Ìṣirò náà kò tíì parí kí iná tó lọ, ṣùgbọ́n èyí tó jáde kéré gan-an sí èyí tó wọlé.

Alhaji wò ó títí. Ó ní, “Omi tó wọlé tí kò jáde, orí ilẹ̀ àwọn ènìyàn ló wà.”

Kò dúró de ìyókù. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá mai-unguwa, olórí àdúgbò ní abúlé náà. Wọ́n kó ọmọ àti ewúrẹ́ lọ sórí òkè kí a tó ṣí dáàmù. Omi wọ àwọn ilé ìsàlẹ̀ lóòótọ́, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan láti abúlé náà gbé fúrá tí a fi wàrà pò wá fún wa ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí wa, àwa náà sì sáré kúnlẹ̀.

Lónìí, fóònù yín ń tọ́jú iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀, ẹ kì í tilẹ̀ mọ̀. Inú mi dùn fún yín. Ní tèmi, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ mi jóná, ènìyàn ló bá mi tọ́jú rẹ̀, n kò sì tíì dúpẹ́ tán.