Ẹja Tí Mokhachane Fi Búláńkẹ́ẹ̀tì Wé

Mokhachane Sefali kò fi ẹja kan ẹnu rí láyé rẹ̀. Ojú ejò ló fi ń wò ó. Síbẹ̀, ẹja ló ń bọ́ ọ. Òun ló ń mú àwọn àlejò tó ń fi ìwọ̀ pẹja lọ sí òkè odò abúlé Ha Motlomo, òun ló ń fi ibi tí ẹja wà hàn wọ́n, òun náà ló sì ń fà wọ́n dìde bí wọ́n bá ṣubú sómi.

Nígbà tí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dé, ẹ̀rín ló ń pa gbogbo abúlé. Èèyàn á wakọ̀ láti ìlú Bloemfontein, á dúró sínú omi títí ìdí rẹ̀ á fi kú tipiri, á fa ẹja alámì tó-tò-tó tí wọ́n ń pè ní tíráòtù jáde, á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á sì dá a padà sínú omi. Mokhachane náà rò pé orí wọn kò pé. Ṣùgbọ́n ó ti da àgùntàn láti kékeré títí irùngbọ̀n fi hù ú, ó ti wa góòlù nínú kòtò abẹ́ ilẹ̀ ní Welkom, àwọn aláṣẹ kòtò sì ti lé e wálé pẹ̀lú ikọ́. Ó jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà bí àgbà. Ẹja kì í jẹ oko olóko. Kò sẹ́ni tó ń jí i dà kọjá ààlà lóru. Oúnjẹ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá a. Ẹja kan náà sì lè pawó fún èèyàn lónìí, kó tún pa á lọ́dún tó ń bọ̀, bí kò bá ṣáà ti kú.

Bí kò bá ṣáà ti kú. Ibẹ̀ lọ̀ràn wà.

Ní ìparí àsìkò ìpẹja, kí wọ́n tó ti odò pa fún òtútù, àwọn ẹja ńláńlá máa ń gòkè wá yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ìgbà yẹn làwọn àlejò ń rọ́ wá jù. Mamontšeng, obìnrin tó jẹ́ baálẹ̀ abúlé náà, ló ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sí ẹja tó ti wà lórí ìtẹ́ ẹyin rẹ̀. Èyí tó ṣì ń kọjá nínú ibú ni kí wọ́n mú, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ láàyè. Amọ̀nà tí ẹja tó lẹ́yin nínú bá kú mọ́ lọ́wọ́, kó fi òkè odò sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ẹlòmíì náà kò jìnnà. Phakoe ni, ọ̀rẹ́ Mokhachane tí wọ́n jọ wọ kòtò góòlù. Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n fún òun, níbi táwọn obìnrin ti ń fọṣọ, tí ẹja ibẹ̀ fi ń rùn bí ọṣẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, tí òtútù ọdún ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí yìnyín ti bo orí òkè, Mamontšeng gun ẹṣin wá wo bí òfin rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Phakoe tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó pè é. Viljoen, oníṣègùn eyín kan, ló ń pẹja lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí ìwọ̀ rẹ̀ fi gbé abo ẹja kan tó gùn tó apá, tí ikùn rẹ̀ yọ roboto. Mokhachane fi àwọ̀n gbé e. Viljoen bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun yà á ní fọ́tò díẹ̀.

Ìdúró fọ́tò yìí ló kó bá a. Afẹ́fẹ́ ń gé èèyàn bí ọ̀bẹ, ẹja náà sì tutù bí òkúta lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ darandaran kì í béèrè lọ́wọ́ orí kó tó ṣiṣẹ́. Bí Mokhachane ṣe máa ń ṣe ọmọ àgùntàn tí wọ́n bá bí sínú yìnyín ló ṣe ẹja náà: ó tì í sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì tó dà bora, ó fi mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irun búláńkẹ́ẹ̀tì ra á lára kó lè móoru.

Phakoe ló kọ́kọ́ rí i. "Fún un lọ́mú náà," ló wí. "Ebi á ti máa pa á."

Ìgbà yẹn ni Mokhachane tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó fa ẹja náà yọ. Gbogbo ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo awọ ẹja náà ti lẹ̀ mọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó gbé e sómi, ẹja yí ikùn sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Viljoen ní ó ti kú, kí àwọn wá òmíràn. Mokhachane fi sùúrù sọ fún un pé kó di ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ mú, kó sì pa ẹnu mọ́. Ó bọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì jù sí etí odò, ó bọ́ ṣòkòtò lé e torí òun kan ṣoṣo ló wọ̀ wá, ó sì wọ inú omi títí dé ìgbáròkó. Ó fi ọwọ́ kan di ìrù ẹja, ó fi èkejì gbé ikùn rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ kí omi lè máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé.

Wọ́n dúró. Mamontšeng sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Phakoe bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè odò láti ìhín dé ọ̀hún bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí ètè Mokhachane di aláwọ̀ eérú, baálẹ̀ ní kó jáde.

"Ìyá, ó ń mí," ni Mokhachane wí.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà ń mí díẹ̀díẹ̀."

Ẹja náà mi ìrù lẹ́ẹ̀kan. Mokhachane kò tú u sílẹ̀. Ó dúró títí ẹja náà fi fi agbára já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ta omi sí i lójú, tó sì wọ ibú lọ láìwẹ̀yìn. Mokhachane fẹ́ yíjú padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dáhùn. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú tipiri síbi tí wọ́n wà.

"Phakoe," Mamontšeng wí, "lọ gbé e wá."

"Èmi kẹ̀, Ìyá?"

"Ṣé ẹṣin mi ni kó lọ?"

Phakoe wọ omi, ó pọn ọkùnrin oníhòòhò náà sẹ́yìn, ó ń ráhùn pé egungun lásán kì í wúwo tó báyìí, pé ó dájú pé ó ti mu ìdajì odò. Ó jù ú sórí koríko. Viljoen fẹ́ ya fọ́tò, baálẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹja lọ láàyè," Mamontšeng wí bó ṣe ń gun ẹṣin rẹ̀ padà. "Òkè odò ṣì jẹ́ tìẹ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, búláńkẹ́ẹ̀tì kankan kò gbọdọ̀ dé etí omi yẹn, ì báà ṣe tèmi."

Mokhachane fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Orí ló rí mì.