Olorì Tí Màmá Mi Fọ̀ Lójú

Owó idẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni mo máa ń kó jọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní Onitsha máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń ka owó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo tún wá ń ra èyí tí kò ṣeé ná.

Nígbà tí bàbá mi kú, màmá mi pa ìsọ̀ aṣọ wọn ní ọjà Ochanja tì, wọ́n kó wá sọ́dọ̀ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, màá to àwọn owó náà sórí tábìlì, màá máa túmọ̀ àwòrán tó wà lára wọn. Ọba tó dé adé onítànṣán ń sọ pé òun àti oòrùn dọ́gba. Ọmọ ogun tó ń fi irun wọ́ ẹrú nílẹ̀ ń kìlọ̀ fún ará ọjà ni. Màmá mi kò ka ìwọ̀nyẹn sí. Ọ̀kan péré ni wọ́n máa ń béèrè: ojú olorì kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀kín wà lẹ́yìn. Mo ní olorì náà ti kú kí ọkọ rẹ̀ tó ní kí wọ́n rọ owó náà ní ìrántí rẹ̀, ọ̀kín yẹn ló sì gbé e lọ sọ́run.

“Ẹyẹ kì í gbé èèyàn lọ sọ́run,” màmá mi sọ. “Àmọ́ ọkọ yẹn gbìyànjú.”

Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ olorì náà, bí wọ́n ṣe ń fọ àwo idẹ nílé bàbá wọn. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó di àwòrán náà mú bọ́ dànù. Owó náà ń dán, àmọ́ kò sí imú, kò sí ọ̀kín mọ́.

Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n gbé e fún mi. Inú bí mi burúkú. Mo ní èèyàn ò lè fi nǹkan sílẹ̀ nínú ilé yìí kí ọwọ́ arúgbó má bà á jẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

“Mo rò pé ọkọ ẹ̀ á fẹ́ kí ojú ẹ̀ mọ́ ni.”

Láti ìgbà náà, wọn kì í fọwọ́ kan ohunkóhun láìbi mí, ì báà ṣe ìkòkò, ì báà ṣe aṣọ tí òjò fẹ́ pa lórí okùn. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Lánàá mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn níjòókòó nínú yàrá tó móoru, òógùn bò wọ́n. Wọ́n bi mí bóyá àwọn lè ṣí fèrèsé.